Àgbá Méjì fún Omi Ọmọ Ẹja Àrọ̀

Ìwé pélébé yìí wà fún ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ ẹja àrọ̀ nínú táǹkì, tí omi rẹ̀ sì ń yára bàjẹ́. Ẹni tí ó ní adágún ńlá tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń lò ní Eriwe nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, kò nílò ohun tí a fẹ́ sọ yìí tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹrẹ̀ inú adágún a máa bá a ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n táǹkì kò ní ẹrẹ̀. Ohunkóhun tí ẹja bá yà sínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni yóò wà títí ẹnì kan yóò fi mú un jáde.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti rí i rí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja ń jẹun, ara wọn sì yá gágá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igba ti kú, wọ́n léfòó sójú omi, àwọn yòókù sì gbé orí sókè, wọn kò fẹ́ fẹnu kan oúnjẹ. Owó ọmọ ẹja, owó oúnjẹ àti làálàá ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti bá òru ọjọ́ kan lọ. Àwọn mìíràn a máa sọ pé aládùúgbò ni ó da nǹkan sí i. Kí ẹ tó bá aládùúgbò jà, ẹ kọ́kọ́ wo omi yín.

OHUN TÍ Ó Ń BA OMI JẸ́

Oúnjẹ ọmọ ẹja kún fún èròjà amúaradàgbà. Nínú kílò kan, nǹkan bí gíráàmù 400 sí 450 ni ó jẹ́ èròjà yìí, ìdí nìyí tí ó fi wọ́n. Ẹja kì í sì lo gbogbo rẹ̀ tán. Apá kan a di ìgbẹ́ àti èérún oúnjẹ, èyí tí ojú yín lè rí ní ìsàlẹ̀ táǹkì. Apá kejì kò ṣeé fi ojú rí rárá. Ó ń gba ara àwọn ewé pupa tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí ẹja, èyí tí ó fi ń mí, jáde sínú omi. Amóníà ni a ń pè é. Ẹ mọ òórùn rẹ̀ dáadáa: òun ni ó ń ta yín nímú níbi tí ìtọ̀ bá ti pẹ́ sí. Kílò kan oúnjẹ lè mú nǹkan bí gíráàmù 40 amóníà wá sínú omi, yálà ìgbẹ́ hàn nínú omi náà tàbí kò hàn. Nítorí náà, omi tí ó mọ́ lójú lè jẹ́ májèlé.

Ẹja àrọ̀ a sì máa tan olówó rẹ̀ jẹ. Ó ní ohun ìmí mìíràn nínú orí, tí ó fi ń gba afẹ́fẹ́ láti òkè omi, nítorí náà ó lè wà láàyè nínú omi tí ẹja mìíràn kò lè dúró sí fún wákàtí kan. Àgbẹ̀ á wá rò pé omi dára. Bẹ́ẹ̀ ni amóníà ń jẹ àwọn ewé pupa náà lọ díẹ̀díẹ̀, ẹja kò dàgbà, àrùn sì ń rí ọ̀nà wọlé sí i lára. Ọmọ ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tilẹ̀ tíì ní ohun ìmí kejì yìí rárá. Ìdí nìyẹn tí àdánù fi ń pọ̀ jù nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Pípa omi dà ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ó dára, a kò sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n omi tí a ń fi ẹ̀rọ fà láti inú ilẹ̀ ń gba owó epo, omi kànga tí ó tutù tí a sì dà lé ọmọ ẹja lójijì a máa gbọ̀n wọ́n lára, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kànga ẹlòmíràn a sì gbẹ.

Ọ̀RỌ̀ ÌFÓFÒÓ

Ẹni tí ó bá ti ń se ẹ̀wà mọ̀ pé bí ó bá kọ́kọ́ hó, ìfófòó funfun a gun òkè ìkòkò, ìyàwó ilé a sì fi ṣíbí bù ú dànù. Èròjà amúaradàgbà inú ẹ̀wà ni ó ń so mọ́ afẹ́fẹ́ tí ó ń gòkè bọ̀. Bákan náà ni ìfófòó tí ẹ ń rí ní igun táǹkì lówùúrọ̀, èyí tí kò yára túká. Ìdọ̀tí oúnjẹ àti ohun yíyọ̀ ara ẹja ni ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn tí ń tọ́ ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì ní ilẹ̀ òkèèrè ti sọ èyí di iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n a gbé páìpù kan nàró, wọ́n a tú afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sí i nísàlẹ̀, ìfófòó a gòkè lọ kún ife kan lókè, wọ́n a sì da ìdọ̀tí náà nù kí ó tó jẹrà di amóníà. Ó dára púpọ̀ nínú omi iyọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń fi páìpù àti ìgò ṣe é fúnra wọn nílé. Àwọn ọ̀dọ́ kan láàrin wa ti rí àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ń bi wá léèrè bóyá kí àwọn ṣe é fún ẹja àrọ̀. Ìdáhùn wa ni pé kí wọ́n má ná owó wọn sí i. Nínú omi iyọ̀, afẹ́fẹ́ a máa wà ní wẹ́wẹ́, kì í sì tètè dàpọ̀. Nínú omi dídùn wa, ó ń dàpọ̀ di ńlá, ó sì ń bẹ́ kí ó tó gbé ìdọ̀tí dé òkè. Ẹ fi igbá bu ìfófòó tí ó bá pé jọ sí igun nù láràárọ̀, ìyẹn tó. Bí ó bá sì di púpọ̀ lójijì, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ tí ẹ ń fún ẹja ti pọ̀ jù.

Ohun tí ó bá omi dídùn mu ni àgbá méjì: ọ̀kan tí ìgbẹ́ yóò rọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, àti ọ̀kan tí a kó ìkarahun sí, níbi tí a óò ti pa agbára amóníà.

OHUN TÍ Ẹ Ó WÁ

Ìwọ̀n tí a ń sọ níhìn-ín wà fún táǹkì tí ó gba 1000 lítà omi. Ẹ wá àgbá oníke méjì tí ó gba 200 lítà. Ẹ bi ẹni tí ń tà á ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí a fi kó oúnjẹ ni kí ẹ rà. Ẹ má ṣe ra àgbá oògùn apakòkò tàbí oògùn apako, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà ogún, nítorí pé oògùn a máa wọ inú ike lọ. Àgbá irin a máa dípẹtà. Ohun èlò bàbà àti páánù kò sì gbọdọ̀ wà níbikíbi tí omi ẹja ń gbà.

Ẹ ó tún wá páìpù oníke aláàbọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2, ọrùn-páìpù kan tí ó tẹ̀, táàpù ńlá kan, rọ́bà tí a fi ń dí ojú ihò, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi. Ìkarahun ìṣáwùrú tí ó tó 150 lítà ni yóò wọ inú àgbá kejì. Ẹ rẹ ìkarahun náà sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ẹ sì sá a sóòrùn títí òórùn ẹran ara rẹ̀ yóò fi kúrò. Bí ẹ kò bá rí ìkarahun tó, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ inú odò kún un, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìkarahun dín sí ìdajì. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Níhìn-ín ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Ẹni kan ṣoṣo tí ó lọ ra ìkarahun láti etí ọ̀sà yóò san owó ọkọ̀ gọbọi. Ẹni mẹ́wàá tí ó pawọ́ pọ̀ yóò san díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn oúnjẹ, àti oògùn àyẹ̀wò tí a ń kán sínú omi láti mọ ìwọ̀n amóníà: ẹyọ kan tó fún ẹgbẹ́ kan.

ÀGBÁ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ gbé àgbá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, lórí búlọ́ọ̀kù, kí ẹnu rẹ̀ má ṣe rẹlẹ̀ ju ẹnu táǹkì lọ. Ẹ lu ihò sí ara táǹkì nítòsí ìsàlẹ̀, àti sí agbedeméjì àgbá, kí ẹ sì fi páìpù so wọ́n pọ̀. Ẹ fi àwọ̀n bo ẹnu páìpù nínú táǹkì kí ọmọ ẹja má bàa bá omi lọ. Nínú àgbá, ẹ fi ọrùn-páìpù yí ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí omi lè máa yí po jẹ́jẹ́ bí ó ti ń wọlé. Bí omi bá ti ń rìn jẹ́jẹ́ báyìí, ìgbẹ́ a rọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi táàpù sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ ó rí i pé omi inú àgbá àti omi inú táǹkì yóò máa dọ́gba nígbà gbogbo. Èyí ni ẹwà ètò yìí: bí iná bá lọ, omi kankan kì í kún jù dànù.

Ẹ so ẹ̀rọ afami kọ́ sínú àgbá àkọ́kọ́ yìí, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú omi, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìdọ̀tí bá dí àwọ̀n ẹnu páìpù lóru, ẹ̀rọ náà kì yóò lè fa ju ìwọ̀n yẹn lọ, nítorí náà ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ láàrin ojú omi àti ẹnu táǹkì. Ẹ fọ àwọ̀n náà lójoojúmọ́. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi, ní gbogbo ìgbà, bí ó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó. Wáyà tí ara rẹ̀ bó nínú omi ti pa ènìyàn rí. Ẹja ṣeé rà padà.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì ṣí táàpù títí omi dúdú yóò fi tán tí omi mímọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìgbẹ́ tí ẹ bá mú jáde lónìí kì yóò di amóníà lọ́la. Ẹ má ṣe dà á sínú gọ́tà. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti orí ebè ẹ̀fọ́ ni àyè rẹ̀. Ó jẹ́ ajílẹ̀ gidi.

ÀGBÁ KEJÌ

Ẹ lu ìsàlẹ̀ àgbá kejì ní ihò púpọ̀, kí ihò kọ̀ọ̀kan kéré ju ìkarahun lọ. Ẹ lu ihò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ẹ gbé e sókè táǹkì, lórí pákó líle tí ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ní apá méjèèjì. Ẹni tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò lè sọ pé òun kò rí pákó rà. Ẹ má ṣe ṣahun pákó yìí, nítorí pé bí ẹ bá ti kó ìkarahun sí i, àgbá náà yóò wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn láti máa wo ẹja.

Ẹ kó ìkarahun sí i títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ fi abọ́ oníke fẹ̀ǹfẹ̀ kan lé e lórí, èyí tí ẹ ti lu ní ihò wẹ́wẹ́, kí páìpù ẹ̀rọ sì máa da omi sínú abọ́ náà. Omi yóò tú ká bí òjò, yóò kán gba ara gbogbo ìkarahun kọjá, yóò sì padà sínú táǹkì. Ẹ bo àgbá náà kí oòrùn má bàa hu ewédò sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dí i pa.

Ẹ fi garawa 20 lítà gbe omi tí ń bọ̀, kí ẹ sì wo aago. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, ìṣàn náà tó: gbogbo omi táǹkì ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan. Ẹ má ṣe gba ohun tí a kọ sí ara páálí ẹ̀rọ gbọ́, torí pé bí ẹ̀rọ bá ti ń gbé omi ga ni agbára rẹ̀ ń dín kù.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Kì í ṣe ìkarahun ni ó ń ṣe iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó rí i pé ohun kan tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ti bo ìkarahun. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ni. Irú kan nínú wọn ń jẹ amóníà, ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí a ń pè ní náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Irú kejì ń sọ náítíráìtì di náítírẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹja lè fara dà púpọ̀, tí àwọn irúgbìn sì fẹ́ràn.

Ẹ má ṣe fi ọṣẹ fọ ìkarahun yìí láéláé. Ẹ má ṣe da oògùn ìfọṣọ sí i. A ti rí àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ ẹni ìmọ́tótó, tí ó tú àgbá rẹ̀ palẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tí ó fi kànìnkànìn fọ ìkarahun rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ní ọjọ́rú, ọmọ ẹja rẹ̀ ti ń kú. Kò mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ni òun fọ̀ dànù. Bí ìdọ̀tí bá dí ìkarahun jù, ẹ bu omi láti inú táǹkì fúnra rẹ̀ ṣan apá kan, kí ẹ fi apá yòókù sílẹ̀ di oṣù tí ń bọ̀.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í dé lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ó ń gbà kí wọ́n tó pé. Níbi yìí ni ìkánjú ti ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára: wọ́n á kan àgbá lónìí, wọ́n á kó ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja sí i lọ́la. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi fi hàn pé amóníà àti náítíráìtì ti lọ sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ yín tí àgbá rẹ̀ ti gbó lè fún yín ní garawa ìkarahun kan láti fi ṣe èso. Yóò dín ọjọ́ ìdúró kù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tí àrùn wà nínú táǹkì rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá fi náítíráìtì púpọ̀ hàn ní àkókò yìí, ẹ yo kílò kan iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú omi, kí ẹ dà á sínú 1000 lítà náà díẹ̀díẹ̀ láàrin wákàtí mélòó kan. Kò ní mú náítíráìtì kúrò, ṣùgbọ́n kì yóò jẹ́ kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja tó bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ìdí tí a fi fẹ́ ìkarahun ju òkúta lọ. Iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò yìí ń ṣe a máa mú omi kan díẹ̀díẹ̀, bí omi bá sì kan jù, wọn a dá iṣẹ́ dúró. Ìkarahun a máa yo díẹ̀díẹ̀ sínú omi kíkan, yóò sì tún un ṣe. Ẹ bu omi kànga yín, kí ẹ fi ọṣẹ sí i. Bí ọṣẹ bá yára hó bí ẹni pé omi òjò ni, omi náà kò ní ohun tí yóò fi dí kíkan lọ́nà, ìkarahun yín kò sì gbọdọ̀ dín.

ÌWỌ̀N TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ KỌJÁ

A fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín, nítorí pé àwọn kan ń tà á fún àgbẹ̀ bí ẹni pé àgbá kan lè gbọ́ bùkátà oko ẹja. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkarahun 150 lítà lè gbé amóníà tí ó ti inú nǹkan bí gíráàmù 250 oúnjẹ jáde lójoojúmọ́. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n jẹ́ gíráàmù 5 jẹ́ kílò 5 lápapọ̀. Bí ẹ bá fún wọn ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, gíráàmù 250 náà nìyẹn gẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ti dé gíráàmù 10, ẹrù ti wúwo ju alárù lọ. Ẹ kó wọn lọ sí adágún tàbí kí ẹ tà wọ́n. Ẹ wọn oúnjẹ; ẹ má ṣe fi ọwọ́ bù ú.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ LỌ

Gbogbo wa mọ̀ pé iná mànàmáná kì í dúró. Nítorí èyí ni a fi ní kí ìkarahun wà lókè nínú afẹ́fẹ́, kí ó má ṣe rì sínú omi. Kòkòrò inú àgbá tí omi kún, bí omi kò bá rìn fún wákàtí mélòó kan, yóò kú, nítorí pé òun náà ń mí. Èyí tí ó wà lára ìkarahun tútù yóò máa mí lọ. Ẹ ṣáà fi garawa bu omi táǹkì méjì-méjì dà sórí abọ́ náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó ti tó ilé ìwé lọ lè ṣe é. Ẹ má ṣe fún ẹja lóúnjẹ títí iná yóò fi dé. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé, ẹ kọ́kọ́ ṣí táàpù àgbá àkọ́kọ́ kí ìdọ̀tí tí ó ti rà níbẹ̀ jáde, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí omi bá tutù lówùúrọ̀, ẹja kì í jẹun tó, àwọn kòkòrò náà kì í sì ṣiṣẹ́ tó. Ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì dúró kí oòrùn yọ dáadáa kí ẹ tó fún wọn.

Bí ẹ bá ta ọmọ ẹja tán, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkarahun gbẹ. Ẹ fi ogún tàbí ọgbọ̀n ẹja sílẹ̀ sínú táǹkì, kí ẹ máa fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀, kí omi sì máa kán lọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó ọmọ ẹja tuntun dé, àwọn òṣìṣẹ́ yín yóò ti wà nílé.